Aṣọ Ilé Ìwé Tó Kúrò Nínú Àpótí

Nígbà tí mo wà ní kékeré, kò sí ohun tó wù mí láyé tó aṣọ ilé ìwé ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, tí ẹ ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún báyìí, tí orúnkún yín ti máa ń sọ fún yín pé òjò ń bọ̀, ẹ ó rántí irú aṣọ náà: aṣọ búlúù tí kọ́là rẹ̀ funfun, tí bẹ́líìtì aláṣọ wà ní ìbàdí rẹ̀, tí wọ́n fi sítáàsì sí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ lè dá dúró fúnra rẹ̀. Àǹtí Rẹ̀mí ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé ìwé girama ní agbo ilé wa ní Òkè-Ọ̀kà. Èmi Mojí, àbúrò rẹ̀, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà, aṣọ tí ẹni mẹ́ta ti wọ̀ gbó kó tó kàn mí ni mo sì ń wọ̀. Ìdí aṣọ tèmi ti fẹ́lẹ́ débi pé mo máa ń fi àpò ìwé bò ó lẹ́yìn bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú àwọn ọmọkùnrin.

Ọjọ́ Ẹtì ni Àǹtí máa ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ọ̀kà, ẹ mọ̀ pé àpáta ni okùn ìsáṣọ wa. Orí àpáta la ti ń sá láfún, orí rẹ̀ la ti ń sá ẹ̀gúsí, orí rẹ̀ náà la ń tẹ́ aṣọ sí, tí oòrùn á máa jó o lókè, tí òkúta á máa yan án nísàlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó tì í, kí n máa lé ewúrẹ́ àti alángbá. Ewúrẹ́ rọrùn. Alángbá ni kò ka ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sí. Á mi orí sí mi bí ẹni ń kí mi, á sì gba àárín aṣọ náà kọjá. Tí mo bá ṣọ́ ọ dáadáa, Àǹtí á fi ìsàlẹ̀ ìkòkò àsáró sílẹ̀ fún mi, ibi tó jó díẹ̀ tí epo ti mu yó, tó dùn ju gbogbo òkè rẹ̀ lọ.

Tí ìgbà kajú bá dé, èmi àti rẹ̀ la jọ ń yan kajú lẹ́yìnkùlé. A ó da á sínú agolo tí a lu nísàlẹ̀, a ó gbé e kaná, epo rẹ̀ á máa ta pàràpàrà, àwa náà á máa fò sẹ́yìn. Òkúta la fi ń fọ́ ọ. Àǹtí máa ń fún mi ní èyí tó bá jáde lódindi, òun á jẹ èyí tó bá fọ́. Ọwọ́ wa á bó, ẹnu wa á lé ròrò, Ìyá á sì máa pariwo pé àwọn ọmọ òun ti fẹ́ ba ẹnu wọn jẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í pẹ́ tí òun náà á fi na ọwọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, ó di ìlọṣọ. Áyọ̀ọ̀nù eléèédú ni, èyí tí àkùkọ kékeré wà níwájú rẹ̀. Mo máa ń fẹ́ èédú rẹ̀ títí ojú mi á fi pọ́n. Lọ́jọ́ kan tí Àǹtí lọ wẹ̀, mo gbé aṣọ náà wọ̀. Ó wọ́lẹ̀, ó tún kù. Mo ń rìn káàkiri yàrá, mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò sí níbẹ̀ wí, àfi bí Bàbá ṣe yọjú. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, tíṣà àgbà." Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ lórí àpáta, kí n na ọwọ́ méjèèjì sókè. Òkúta náà gbóná. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ó ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bo ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín, Àǹtí ló sì wá bẹ̀bẹ̀ fún mi.

Bàbá wa kì í ṣe ìkà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ èyí kí n tó máa lọ. Àgbẹ̀ oníkòkó ni, ó sì jẹ́ àgbà ìjọ. Bí ẹjọ́ bá délé, òun ni wọ́n máa ń pè, ọ̀rọ̀ tó sì máa ń fi parí ẹjọ́ ni pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ó fẹ́ràn Àǹtí Rẹ̀mí débi pé, tí a bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń mọ̀ọ́mọ̀ rìn sẹ́yìn kó lè máa wo ọmọ rẹ̀ níwájú pẹ̀lú Bíbélì lọ́wọ́. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé Rẹ̀mí máa di tíṣà, pé kí wọ́n máa kọ́ bí wọn ó ṣe máa pe òun ní Bàbá Tíṣà. Àwọn kan tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pè é bẹ́ẹ̀, á ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n á dúró kí wọ́n tún un pè.

Irú ló tú àṣírí náà. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, Àǹtí wà ní kíláàsì kẹrin, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ìyá da irú sínú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí fi ọwọ́ bo ẹnu, ó sá jáde. Ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá gbé ìkòkò kúrò lórí iná, ó jókòó sórí àpótí ìdáná, ó tẹjú mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ọmọ rẹ̀ gbà jáde. Ọbẹ̀ tutù. Kò sẹ́ni tó jẹun.

Nígbà tí Bàbá gbọ́ pé oyún ni, ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní, "Ta ni?" Àǹtí dáhùn pé Múfútàú ni. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni Múfútàú, ọmọ nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún, tó ń kọ́ iṣẹ́ fọkanáísà ní Ìwàrò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbà. Mùsùlùmí ni wọ́n nílé rẹ̀, Bàbá sì jẹ́ àgbà ìjọ; ó dà bíi pé wọ́n gbá a létí lẹ́ẹ̀mejì. Kò lu Àǹtí. Ì bá sàn kó lù ú. Ó kàn dìde, ó jáde, fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni kò sì sí ẹni tó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ nílé wa. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. Kò sẹ́ni tó bi í bóyá ó jẹun.

Ẹ ó rántí ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà náà fún ọmọ tó bá fẹ́ra kù nílé bàbá rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà. Wọ́n á di ẹrù rẹ̀, wọ́n á mú un lọ sílé ẹni tó fún un lóyún, wọ́n á ní, "Ìyàwó yín rèé," wọ́n á sì yí padà. Wọ́n gbà pé ìyẹn ló bọ̀wọ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ìyá ìyá mi, tó ti darúgbó gan-an, nìkan ló gbìyànjú ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ." Bàbá dá a lóhùn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀ pé ẹkùn kọ́ ni òun fẹ́ fún, ọkọ rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ gbólóhùn tó wọ èmi lára. Ó ní, "Ìwé ti parí fún un. Aṣọ ilé ìwé rẹ̀ á di ti Mojí."

Ojú ń tì mí láti kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ó ṣe rí gan-an nìyí: inú mi dùn. Ilé gbogbo ń ṣọ̀fọ̀, ẹ̀gbọ́n mi wà nínú yàrá, ó da aṣọ borí, inú tèmi ń jó. Mo ń ronú nípa kọ́là funfun.

Ìyá ló di ẹrù náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìlọ wa, sínú àpótí páànù aláwọ̀ ewé. Ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí, ó pẹ́ níbẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí ó lọ pọnmi, mo yọ́ lọ síbi àpótí náà. Kì í ṣe ọwọ́ òfo ni mo mú lọ. Mo ti fi kajú yíyan pamọ́ láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, àwọn tó jáde lódindi, mo wé e sínú ìwé tí mo ya láti inú ìwé ìṣirò mi, mo fẹ́ kí Àǹtí bá a níbẹ̀ tó bá dé Ìkàrẹ́. Mo ń ti ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ kí ó má baà dà nù, ni mo bá fọwọ́ kan sítáàsì. Aṣọ ilé ìwé náà ni. Wọ́n ká a dáadáa sísàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ ìró mẹ́ta.

Lójú ọmọ ọdún mẹ́wàá, olè ni Àǹtí fẹ́ jà mí. Bàbá ti ní tèmi ni. Mo yọ aṣọ náà, mo fi kajú sí àyè rẹ̀, mo tún ìró tẹ́ sórí rẹ̀, mo sì sáré gbé e lọ sínú ìkòkò ńlá kan tí a kì í lò mọ́ lẹ́yìn ilé ìdáná. Mo fi ìdérí bò ó. Kò gbà mí ní àkókò tí ènìyàn fi ń bó iṣu kan.

Èmi ni wọ́n gbé àpótí náà rù. Bàbá wà níwájú, àbúrò rẹ̀ tí à ń pè ní Bàbá Kékeré tẹ̀ lé e, èmi wà láàárín, Àǹtí wà lẹ́yìn. Ìyá kò tẹ̀ lé wa. Ó di òpó ẹnu ọ̀nà mú, mo sì rí i tó ń fi ojú tọ àpótí tó wà lórí mi lẹ́yìn ju bó ṣe ń wo ọmọ rẹ̀ lọ. Mo rò pé ó ń ṣọ́ kí n má jù ú sílẹ̀ ni. A sọ̀kalẹ̀ láti Òkè-Ọ̀kà dé Ìwàrò, a wọ ọkọ̀ onípákó lọ sí Ìkàrẹ́. Ọjọ́ ọjà ni, ọkọ̀ kún fún iṣu àti ewúrẹ́, ewúrẹ́ kan sì ń jẹ etí ìró Àǹtí, kò lé e.

Ilé wọn kò jìnnà sí ẹ̀yìn Ọjà Ọba. Ìyá Múfútàú jókòó níta, ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì lórí àtẹ. Bàbá dúró, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ẹrù yín la gbé wá o." Obìnrin náà wo Bàbá, ó wo àpótí orí mi, ó wá wo Àǹtí láti òkè délẹ̀. Ó gbé àtẹ sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?"

Ibẹ̀ ni Àǹtí ti sunkún. Láti ọjọ́ mẹ́ta, kò tí ì sunkún.

Wọ́n bẹ Bàbá kó jókòó, kó mu omi, ó kọ̀. Ó sọ fún Àǹtí pé ọ̀nà Ọ̀kà ti dí fún un. Mo di ìró rẹ̀ mú, Bàbá tú ọwọ́ mi ní ìka kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ń padà lọ, Bàbá rìn níwájú títí dé gáréèjì, kò bojú wẹ̀yìn, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì ló fi ẹsẹ̀ kọ, lórí ọ̀nà tó tẹ́jú.

Láti ọjọ́ náà, a kì í pe orúkọ rẹ̀ nílé. Ibi tó ti máa ń jókòó jẹun, a sún àmù omi síbẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ilé lè pariwo kó sì dákẹ́: ewúrẹ́ ń ké, odó ń dún, èmi ń ṣe súwé níta pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ mi, síbẹ̀ bíi pé wọ́n ti fi nǹkan di ilé náà létí. Ọrọọrún ni ọjà Ìkàrẹ́, ọrọọrún sì ni Ìyá ń di láfún àti iṣu fún aládùúgbò wa kan tó ń lọ sọ́jà, tó ń bá a gbé e fún Àǹtí. Bàbá kò mọ̀, tàbí kó jẹ́ pé ó mọ̀ tó ń wo ibòmíràn. Àǹtí bí ọmọkùnrin kan. Aládùúgbò náà ló sọ fún wa lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, Ìyá sì kó gbogbo iṣu tó wà nílẹ̀ sínú agbọ̀n kan lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn ọdún méjì, mo yege ìdánwò ìwọlé sí girama. Mo lọ síbi ìkòkò mi, mo yọ aṣọ náà. Eku kò rí i, ọ̀rinrin nìkan ló ti sọ kọ́là di pupa. Mo gbé e wọlé tayọ̀tayọ̀. Ìyá ń já ewé lọ́wọ́ nígbà tí mo tẹ́ aṣọ náà síwájú rẹ̀.

Ó ní, "Níbo lo ti rí èyí?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní, "Àǹtí ló yọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tó ń lọ. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ."

Mi ò mọ ibi tí "ó ní òun ò fẹ́ ẹ" ti wá sí mi lẹ́nu. Irọ́ dà bí ẹran ọ̀sìn, ó máa ń mú ọmọ tiẹ̀ dání. Ìyá fi ọwọ́ tọ ìhà aṣọ náà láti òkè délẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Ìgbà náà ni mo rí i pé wọ́n ti tú ìhà méjèèjì, wọ́n ti fẹ̀ ẹ́, wọ́n sì fi òwú dúdú rán an pa dà lọ́wọ́. Òwú dúdú lórí aṣọ búlúù, ó hàn ketekete. Ìyá mú abẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú òwú dúdú náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó lè bá mi mu. Lẹ́yìn náà, kì í fi bẹ́ẹ̀ di láfún lọ sí Ìkàrẹ́ mọ́.

Mo wọ aṣọ náà fún ọdún mẹ́ta. Ó wọ̀ mí.

Ìyá kú kí n tó jáde ìwé mẹ́wàá. Àǹtí wá síbi ìsìnkú pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó dúró lẹ́yìn pátápátá bí àlejò. Bàbá lọ bá wọn níbẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí, ó fi í síbẹ̀ pẹ́, ó sì yí padà. Ọdún kejì ni òun náà tẹ̀ lé Ìyá. Èmi ni mo di tíṣà. Múfútàú ti bá tirẹ̀ lọ sí ìlú Benin, kò padà. Ìyá rẹ̀ ló di Àǹtí mú, tó fi í síbi iṣẹ́ aránṣọ, tó sì ń gbé ọmọ pọ̀n fún un. Títí dòní, Àǹtí Rẹ̀mí ń ránṣọ ní Ìkàrẹ́. Ẹ fẹ́ mọ aṣọ tó ń rán jù? Aṣọ ilé ìwé. Tí ọdún ẹ̀kọ́ bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, aṣọ ọmọ ọlọ́mọ á kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi tí mo sì ń tú ìhà aṣọ ara mi, ni ó tó yé mi ohun tí òwú dúdú yẹn wí. Ìyá mi kò dákẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta yẹn. Ó fẹ̀ aṣọ ilé ìwé fún ọmọ rẹ̀, kí ó lè gba ara abiyamọ, kó lè padà sẹ́nu ìwé tó bá bímọ tán. Mo wọ ọkọ̀ lọ bá Àǹtí lọ́jọ́ náà, láti jẹ́wọ́. Kí n tó la ẹnu, mo kọ́kọ́ bi í pé kí ló dé tí kò fi padà sílé ìwé, nígbà tí ìyá ọkọ rẹ̀ lè tọ́jú ọmọ. Ó ń tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, kò wojú mi. Ó ní, "Mo tú àpótí yẹn dé ìsàlẹ̀, Mojí. Mo ní bí aṣọ ìwé mi bá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé Ìyá ò tí ì fi mí sílẹ̀. Kò sí. Kajú rẹ nìkan ni mo bá." Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òun ni mi ò ṣe lè bínú sí ẹ láyé mi."

Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ta ló lè sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn? Mo padà sílé. Mo gbé e mì fún ohun tó lé lọ́gbọ̀n ọdún.

Mi ò ní gbé gbogbo ẹ̀bi lé ọmọ ọdún mẹ́wàá lórí. Àwọn àgbà wà nílé. Bí ẹnì kan nínú wọn bá ti jókòó ti ọmọ náà, tó sọ fún un pé ohun tó ṣe kò dára ṣùgbọ́n ọmọ wa ni, kì bá tí nílò aṣọ tí wọ́n fi pamọ́ sábẹ́ ìró kó tó mọ̀ pé wọ́n fẹ́ràn òun. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ èyí tán, mo ṣì máa ń rí ọwọ́ mi nínú àpótí.

Lọ́dún tó kọjá, Tóbi, àbíkẹ́yìn mi, tó wà ní ọdún tó kángun sí àṣekágbá ní girama, lóyún. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ó yẹ kí n ti gbọ́n, àbí? Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo béèrè: "Ta ni?" Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Mo fa báàgì jáde, mo ń ju aṣọ rẹ̀ sínú rẹ̀, mo ní kó máa bá ẹni tó fún un lóyún lọ. Bàbá rẹ̀ ń bẹ̀ mí, mi ò gbọ́. Àfi bí ọwọ́ mi ṣe kan aṣọ ilé ìwé rẹ̀ lára ìṣó. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì pe Àǹtí lórí fóònù.

Ọ̀kadà ló gùn wá, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, pẹ̀lú teèpù ìwọnṣọ lọ́rùn. Kò kí mi. Ó kọjá lára mi lọ síbi tí Tóbi káwọ́ lérí sí, ó bá a jókòó sílẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun?" Ọmọ náà bú sẹ́kún. Èmi náà bú sẹ́kún. Ilé ìdáná ni Àǹtí rán mi lọ.

Òun ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí ó kù. Ó ní kí n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ mi. Ó le, ṣùgbọ́n mo ṣe é. Ó ní kí n mú un sùn sí yàrá mi fún ìgbà díẹ̀, kí ó má dá wà pẹ̀lú ìrònú. Èmi fúnra mi mú un lọ sí ibi ìtọ́jú aláboyún, mo jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì, nígbà tí ẹni tó mọ̀ mí bá sì kí mi pẹ̀lú ojú tó ń béèrè, mo ní, "Ọmọ mi ni mo mú wá." A pe àwọn òbí ọmọkùnrin náà wá sílé wa, wọ́n jókòó, wọ́n mu omi, a sọ ojúṣe oníkálukú. A lọ rí gíwá ilé ìwé. A sì béèrè lọ́wọ́ Tóbi ohun tí òun fẹ́. Ó ní òun fẹ́ ṣe ìdánwò òun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àǹtí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ó ń tú ìhà aṣọ ilé ìwé Tóbi láti fẹ̀ ẹ́. Mo ń wo abẹ tó ń já òwú, mi ò lè gbé e mì mọ́. Mo sọ ọ́. Mo sọ ti aṣọ ìsàlẹ̀ àpótí, mo sọ ti ìkòkò, mo sọ irọ́ tí mo pa fún Ìyá, mi ò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

Ó dá abẹ dúró. Ó ní, "Ìyá fi í síbẹ̀?"

Mo ní, "Ó fi í síbẹ̀. Ó tiẹ̀ fẹ̀ ẹ́ fún yín."

"Ó sì kú pẹ̀lú èrò pé mo kọ̀ ọ́."

Mo dọ̀bálẹ̀ ni bí ọkùnrin, orí mi kan ilẹ̀, nítorí kíkúnlẹ̀ kò tó. Kò ní kí n dìde. Kò sì ní òun dárí jì mí. Kò tí ì sọ ọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ó kàn béèrè pé, "Òwú wo ló fi rán an?"

Mo ní, "Òwú dúdú."

Ó mi orí, omijé ń bọ́ sórí aṣọ náà. Ó ní, "Kì í ní òwú mìíràn."

Tóbi bímọ ní àlàáfíà, ó sì ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀. Láyé ìgbà tiwa, oúnjẹ dùn, ọmọ ń gbọ́ràn, àpáta kò ná wa ní kọ́bọ̀ láti sáṣọ. A fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n a mọ bí a ṣe ń di ẹrù ọmọ ju bí a ṣe ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ lọ. Láàárọ̀ lónìí, bí Tóbi ṣe ń kọjá lọ nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀, tí mo gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n, mo rí ìhà aṣọ náà. Oríṣiríṣi òwú ló kún ṣọ́ọ̀bù Àǹtí Rẹ̀mí, búlúù wà níbẹ̀ lóríṣi mẹ́rin. Òwú dúdú ló fi rán an.